Ẹ̀mú Gígùn, Irin Tó Nípọn: Ohun Tó Yẹ Ká Rà Ká Tó Yan Ẹran Nílé

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tàbí tí oṣù Kejìlá bá wọlé, àpótí dídán kan máa ń yọjú lórí àtẹ àwọn ilé ìtajà ńlá. Irinṣẹ́ bí ogún ni wọ́n tò sínú rẹ̀: ẹ̀mú, ṣíbí pẹlẹbẹ, fọ́ọ̀kì oníga méjì, búrọ́ọ̀ṣì onírin, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún ìdí àgbàdo, àti àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ mìíràn tí ẹni tó ń tà á gan-an kò lè sọ ohun tí wọ́n wà fún. Ìyàwó á rà á fún ọkọ, ọmọ á rà á fún bàbá. Bàbá á dúpẹ́, á gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ibẹ̀ ló sì máa wà títí wọ́n á fi kó kúrò nílé náà.

Mi ò bá ẹni tó ń fúnni lẹ́bùn jà. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ìdí iná kò ní ju iṣẹ́ méjì lọ: yálà kó jẹ́ ká lè darí iná, tàbí kó jẹ́ kí ọwọ́ wa jìnnà sí iná. Èyí tí kò bá ṣe ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Bí ẹ bá fi èyí wọn àpótí dídán yẹn, nǹkan mẹ́rin tàbí márùn-ún ló máa ṣẹ́kù nínú rẹ̀, ẹ ó sì rí i pé ojúlówó wọn kò sí nínú àpótí rárá. Ọ̀dọ̀ wẹ́dà ló wà, àti ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta ohun èlò ìdáná fún àwọn alásè.

Orí ààrò fúnra rẹ̀ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ló ń gbé owó jù. Gíríìlì tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ọ̀pọ̀ ilé nílẹ̀ wa kì í ṣe èyí tó ti òkè òkun wá. Àgbá onílítà 200 ni, tí wẹ́dà là sí méjì lóròó, tó fi ẹsẹ̀ irin mẹ́rin sí i nídìí, tó sì fi ìdè ilẹ̀kùn so ìdajì kejì mọ́ ọn kó lè di ọmọrí. Ọgbọ́n náà kò yàtọ̀ sí ti ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Stephen, tó ń ṣiṣẹ́ ní Weber Brothers Metal Works ní Chicago lọ́dún 1952. Ilé iṣẹ́ náà máa ń ṣe àwọn bọ́ọ̀lù irin ńlá tó ń léfòó lórí omi láti fi ọ̀nà han ọkọ̀ ojú omi. Ó ti sú Stephen bí atẹ́gùn ṣe ń da iná rẹ̀ rú tí eérú sì ń fò sórí ẹran, ló bá mú bọ́ọ̀lù irin, ó là á sí méjì, ìdajì di ìkòkò, ìdajì di ọmọrí. Bí gíríìlì Weber ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá ní àgbá ọlọ́mọrí ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìkòròdú kò gbọdọ̀ máa wo ti òkè òkun bíi pé òun ló bí tiẹ̀.

Ohun tí àgbá náà ti gbé rí ni kí ẹ kọ́kọ́ wádìí. Bí ẹ bá dé Òwódé Onírin l'Ékòó, àgbá tó gbé òróró oúnjẹ, èyí tó gbé epo ẹ̀ńjìnnì àti èyí tó gbé kẹ́míkà lè wà lójú kan náà, kí ọ̀dà tuntun sì ti bo gbogbo wọn. Ẹ bèèrè, kẹ́ ẹ sì gbóòórùn inú rẹ̀. Èyí tó bá gbé oúnjẹ rí ni kí ẹ mú. Èyí tó bá gbé kẹ́míkà tàbí oògùn kòkòrò, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, ẹ fi í sílẹ̀ fún oníhun. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi iná gé àgbá tí ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní dídé láìjẹ́ pé ó ti fọ inú rẹ̀ dáadáa, tó sì rọ omi sí i. Afẹ́fẹ́ epo tó ṣẹ́kù nínú àgbá òfìfo lè bú gbàmù, wẹ́dà tó mọṣẹ́ kì í fi ìyẹn ṣeré. Bí ẹ bá gbé e délé, iná àkọ́kọ́ tí ẹ máa dá sínú rẹ̀ kì í ṣe ti ẹran. Igi ni kí ẹ kó sí i, kó jó fòfò títí gbogbo ọ̀dà tó wà nínú rẹ̀ á fi bó dànù, kẹ́ ẹ wá ha á, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi òróró pa á.

Lẹ́yìn àgbá ni irin tí ẹran máa dùbúlẹ̀ lé. Ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi nẹ́ẹ̀tì yìí ṣe é. Kì í dípẹtà, ẹ wo bó ṣe ń dán.”

“Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ ṣeun. Rọ́ọ̀dù ni kí ẹ bá mi tò o, oní-mìlímítà mẹ́jọ.”

“Owó ẹ̀ á lé díẹ̀ o, sà.”

“Ẹ jẹ́ kó lé.”

Ohun tó ń mú nẹ́ẹ̀tì yẹn dán ni síńkì tí wọ́n fi bò ó, síńkì kò sì rí ara gba iná èédú. Ní nǹkan bí 420°C ló ń yọ́, ẹyinná tí a bá sì ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí lè kọjá ìyẹn dáadáa. Àwọn wẹ́dà fúnra wọn mọ ibà tó máa ń gbé ẹni tó bá fa èéfín síńkì símú. Òun ni púpọ̀ nínú wọn ń tìtorí ẹ̀ mu mílíìkì lẹ́yìn iṣẹ́. Bóyá mílíìkì náà ń ràn wọ́n lọ́wọ́ tàbí kò ràn wọ́n, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ohun tó kàn wá ni pé a kì í tẹ́ ẹran lórí rẹ̀. Ìdí kejì ni pé wáyà tín-ín-rín kì í mú ooru dúró. Ẹ gbé ègé ẹran tútù lé e, kíá ló ti tutù, ẹran á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ó sì máa fi ọ̀bẹ họ ọ́ níṣẹ̀ẹ́jú-níṣẹ̀ẹ́jú. Irin tó nípọn á gbóná, ooru á sì dúró sára rẹ̀. Bí ara ẹran bá ti gba iná tó, òun fúnra rẹ̀ á jọ̀wọ́ irin.

Ẹ ní kí ó fi àyè ìka kan sílẹ̀ láàárín rọ́ọ̀dù kan sí èkejì, kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ edé àti ẹ̀dọ̀ adìyẹ máa di ti eérú. Ẹ má jẹ́ kó jó irin náà mọ́ àgbá. Kí ó kàn jókòó lórí èèkàn méjì ni, kẹ́ ẹ lè gbé e kúrò nígbà tí ẹ bá fẹ́ da èédú sí i. Bó bá sì mọṣẹ́, á ṣe èèkàn náà ní ìpele méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Àlàfo tó dára láàárín ẹyinná àti ẹran jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 12 sí 15. Ìpele òkè wà fún ohun tó fẹ́ pẹ́ lórí iná, bí itan adìyẹ. Ti ìsàlẹ̀ wà fún ohun tó fẹ́ yára, bí ẹran tí a là pẹlẹbẹ. Ó ku ihò atẹ́gùn: méjì tàbí mẹ́ta nísàlẹ̀ àgbá, ọ̀kan lára ọmọrí, kí kóówá sì ní pélébé irin tí a lè fi tì í. Gíríìlì tí kò ní ihò tó ṣeé tì, kò ní ìjánu. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ló rí bẹ́ẹ̀, ó sì yà mí lẹ́nu pé àwọn oníbàárà kì í bèèrè.

Ó di ọ̀rọ̀ iná. Èédú tó ń ti Òkè-Ògùn wá pọ̀ ní ọjà Ìbàdàn àti Èkó, igi líle bí ayìn ni wọ́n sì fẹ́ràn láti fi ṣe é. Ẹ má kàn wo ẹnu àpò, torí èyí tó tóbi ni wọ́n máa ń tò sókè. Ẹ tọwọ́ bọ àárín rẹ̀, kẹ́ ẹ yọ ẹyọ méjì, kẹ́ ẹ fi ọ̀kan lu èkejì. Èyí tó dára máa ń dún ganran, ó sì máa ń wúwo lọ́wọ́. Èyí tó bá dún pọ̀ọ̀, tó fúyẹ́, tó kàn ń di ẹ̀tù lọ́wọ́, kò ní pẹ́ jó tán. Bí ẹ bá sì ṣẹ́ ẹ tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n bí igi, a jẹ́ pé wọn kò jẹ́ kó jóná délẹ̀, èéfín ló máa fún yín.

Bí a ṣe ń dá a ni ọ̀pọ̀ ti ń ba ẹran jẹ́ kó tó dórí iná. Kẹrosíìnì máa ń tètè mú u, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí èédú kò bá tíì funfun tán, òórùn rẹ̀ á wọ inú ẹran, ata gbogbo ayé kò sì ní lè bò ó. Ọ̀rá tí àwọn kan ń tàn sábẹ́ rẹ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹntiróòlù kò yẹ ní ohun tí à ń dárúkọ lẹ́bàá gíríìlì. Ohun tó yẹ kí ẹ rà, tàbí kí ẹ ní kí wẹ́dà kan náà ṣe fún yín kó tó palẹ̀ mọ́, ni ṣímínì ìdáná: agolo irin gíga tí orí àti ìdí rẹ̀ ṣí, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30, tí wọ́n fi irin dá inú rẹ̀ sí méjì nísàlẹ̀, tí wọ́n lu ihò yí ìdí rẹ̀ ká, tí wọ́n sì fi ọwọ́ onígi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èédú ń lọ sókè, ìwé ìròyìn méjì tí a ká ń lọ sísàlẹ̀. Ẹ ṣáná sí ìwé náà. Ooru á máa gòkè, atẹ́gùn tútù á máa gba ihò ìdí wọlé tẹ̀lé e, iná á sì máa ti ọ̀dọ̀ èédú kan mú òmíràn láìsí pé ẹnikẹ́ni fẹ́ ẹ. Láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 20, eérú funfun á ti bo ti òkè, ẹ ó sì dà á jáde. Mi ò mọ irinṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe tó báyìí pẹ̀lú owó tó kéré tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò sí nínú àpótí dídán.

Ìyẹn kò ní ká ta abẹ̀bẹ̀ nù. Abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ hun, èyí tí àwọn ìyá oníbọ̀lì ń lò, kò ní orogún nídìí ààrò kékeré. Ó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹwìrì ń ṣe fún alágbẹ̀dẹ, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó mú un ló ń pinnu bí iná ṣe máa ru tó. Àwọn kan ti ń lo ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn, àwọn mìíràn ń lo ẹ̀rọ tí obìnrin fi ń gbẹ irun. Ó ń yára, mo gbà, àmọ́ kí ẹran tó dé ibẹ̀ ni. Bí ẹran bá ti wà lórí irin, ẹ fi ẹ̀rọ sílẹ̀, torí eérú tó máa gbé dìde, ìdajì rẹ̀ ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́.

Ohun kan wà tí ẹ kò ní rà láti fi mọ bí iná ti gbóná tó. Ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sókè irin, níbi tí ẹran máa wà, kẹ́ ẹ kà á. Bí ẹ kò bá lè kọjá ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó fa ọwọ́ yọ, iná náà le. Ó dára fún ẹran pẹlẹbẹ. Mẹ́rin sí márùn-ún, ó mọ níwọ̀n. Ibẹ̀ ni bọ̀lì àti ẹja wà. Bí ẹ bá sì lè ka mẹ́jọ, ibẹ̀ ni a ń gbé ohun tó ti jinná sí kó má tutù. Ẹ kó gbogbo ẹyinná sí ẹ̀gbẹ́ kan, kẹ́ ẹ fi ẹ̀gbẹ́ kejì sílẹ̀ lófìfo, ẹ ó rí i pé ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè wà nínú àgbá kan náà. Nígbà tí ọ̀rá bá ń kán tí ahọ́n iná bá sì yọ, ẹ kò ní máa wá omi kiri. Ẹ kàn máa ti ẹran sí ibi tí kò sí ẹyinná ni.

Kí lẹ máa fi tì í? Ẹ̀mú. Bí owó bá tó ẹyọ irinṣẹ́ kan péré, òun ni kí ẹ rà. Ẹ mú un dání nínú ìsọ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ojú má sì tì yín. Ẹ fún un pọ̀, kẹ́ ẹ wo ẹnu rẹ̀: bí ètè méjèèjì kò bá pàdé, tí ọ̀kan ń yẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ èkejì kọjá, kò ní lè mú iwe adìyẹ láéláé. Ẹ tún un fún léraléra; bí àtàǹpàkò yín bá ti ń ro yín, sípíríǹgì rẹ̀ ti le jù, wákàtí kan nídìí iná kò sì ní bá yín lára mu. Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á kó fún yín ní ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan, kẹ́ ẹ fi ẹ̀mú gbé e kúrò lórí káńtà. Bí apá rẹ̀ bá ń tẹ̀ tàbí tó ń gbọ̀n, irú rẹ̀ ló ń ju itan tòlótòló sínú eérú lójú àlejò. Nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40 ni gígùn tó dára. Èyí tó kúrú máa ń jó irun ọwọ́. Èyí tó gùn jù kì í gbọ́ràn. Irin gbogbo ara ló dára jù. Rọ́bà tí wọ́n fi bo ẹnu àwọn kan wà fún inú páànù ìdáná, kò wà fún orí ẹyinná, ọwọ́ oníke sì máa ń yọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbàgbé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá. Ti alágbẹ̀dẹ lágbára, ó lè dúró di ìgbà àwọn ọmọ yín, ṣùgbọ́n ó wúwo, ẹnu rẹ̀ sì máa ń fọ́ ẹran. Èédú ni kí ẹ fi í gbé.

Fọ́ọ̀kì oníga méjì wà nínú gbogbo àpótí, mi ò sì rí ohun tó wá ṣe. Àwọn kan ń pariwo pé ó ń da omi ara ẹran nù. Omi tó ń gba ojú ihò yẹn jáde kò tó nǹkan. Àbùkù rẹ̀ ni pé kò lè di nǹkan mú, gígún ló mọ̀, ohun kéékèèké á sì máa yí lẹ́nu rẹ̀. Ṣíbí pẹlẹbẹ wúlò fún ẹni tó ń yan ẹran lílọ̀. Ilé tí wọn kì í yan án, ẹ̀mú ti tó.

Ẹja nìkan ni ẹ̀mú kò lè dá gbé. Epìyà tútù tí awọ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irin, bí ẹ bá fi ẹ̀mú fà á, orí á wá, ìrù á kù síbẹ̀. Àwọn àgbà tó ń yan àrọ̀ ti mọ ọgbọ́n tiwọn tipẹ́: wọ́n á ká a, wọ́n á fi igi tín-ín-rín gún ìrù mọ́ ẹnu, ó di òrùka líle kan tó ṣeé yí láìfọ́. Fún epìyà àti apò̩, tí kò ṣeé ká, ẹ ra àwọ̀n aláwẹ́ méjì, èyí tó ń pa dé bí ìwé tó sì ní ọwọ́ gígùn. Ẹ fi òróró pa inú rẹ̀, ẹ to ẹja sí i, ẹ dé e. Àwọ̀n náà lẹ máa yí, ẹ kò ní fọwọ́ kan ẹja títí dórí àwo. Èyí tí wọ́n fi ohun dúdú yíyọ̀ kùn, bíi ti páànù ìdín-ẹyin, kò dára fún èédú. Ohun dúdú náà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ bó bá ti kọjá nǹkan bí 260°C. Irin lásán ni kí ẹ mú.

Ó yẹ ká lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mài sùyà. Ẹ lọ dúró tì í lálẹ́ ọjọ́ kan kí ẹ wo ohun tó ní nílẹ̀: ọ̀bẹ kan tó mú bí abẹ, igi ṣóńṣó, ìwé ìròyìn, àti ìgò òróró ẹ̀pà kan tó lu ihò sí ìdérí rẹ̀. Ìgò yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Bó bá dorí rẹ̀ kodò tó mì í, òróró á fọ́n sára ẹran ní kíkán-kíkán, kò ní ṣàn, kò ní rọ́ sínú iná, ahọ́n iná kò sì ní fò sókè. Nínú àpótí dídán, búrọ́ọ̀ṣì onírun ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Irun rẹ̀ ń jó, òórùn rẹ̀ kì í sì í tán nínú ilé. Ìṣó kan àti ìgò omi tí ẹ ti mu tán ti parí iṣẹ́ náà.

Igi sùyà, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fi gún ẹran, kó má bàa tètè jóná. Bó bá jẹ́ irin lẹ fẹ́, pẹlẹbẹ ni kí ó jẹ́. Lórí irin roboto, ẹ yí irin, ẹran á dúró sójú kan, apá tó ti jóná náà á tún padà sọ́dọ̀ iná. Ẹ má sì lo sípókù kẹ̀kẹ́, bí mo ṣe ń rí i lọ́wọ́ àwọn kan. Ohun tí wọ́n fi kùn ún kò wà fún ẹnu.

Tẹmómítà ni ohun tí àwọn èèyàn wa máa ń bá mi jiyàn lé lórí jù. “Àwọn ìyá wa lo tẹmómítà ni?” Wọn kò lò ó, ṣùgbọ́n wọ́n ń bọ ẹran kí wọ́n tó yan án, bí ọ̀pọ̀ ilé ṣe ń ṣe títí dòní, ẹran náà sì ti jinná kó tó rí ẹyinná. Bó bá jẹ́ tútù lẹ gbé e lé iná, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Itan adìyẹ lè dúdú lẹ́yìn kó ṣì jẹ́ tútù nídìí egungun. Àwọ̀ kì í sọ òótọ́ níbẹ̀, ata pupa tí a fi pa á sì tún ń dá kún irọ́ náà. Tẹmómítà alábẹ́rẹ́, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń hàn lójú, kò wọ́n bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ tì í bọ ibi tó nípọn jù lára itan, kó má kan egungun. Bó bá ti dé 74°C, adìyẹ ti jinná. Ẹran lílọ̀, 71°C. Ẹja, 63°C. Aago tó wà lára ọmọrí gíríìlì kò lè rọ́pò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú àgbá nìyẹn ń wọ̀n, kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹran.

Ẹ dán an wò kí ẹ tó gbà á gbọ́. Ẹ rún yìnyín kún ife, ẹ bu omi díẹ̀ sí i, ẹ ti abẹ́rẹ́ náà bọ̀ ọ́: òdo ni kó sọ, tàbí kó sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà, ẹ tì í bọ omi tó ń hó. L'Ékòó, 100°C ni. Ní Ìbàdàn, ó dín díẹ̀. Ní Jos tó wà lórí òkè, nǹkan bíi 96°C ni omi ti ń hó, nítorí náà kí ará Jos má dá tẹmómítà rẹ̀ padà fún oníṣọ́ọ̀bù láìṣẹ̀.

Ó kan irinṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ jù nù pátápátá, ìyẹn búrọ́ọ̀ṣì oníwáyà tí wọ́n fi ń ha irin gíríìlì. Wáyà tín-ín-rín ara rẹ̀ máa ń já, á lẹ̀ mọ́ irin, ẹran á gbé e, ẹni tó ń jẹun á sì gbé e mì. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí fojú bù ú pé èèyàn 1,698 ló dé ilé ìwòsàn pàjáwìrì nítorí rẹ̀ láàárín ọdún 2002 sí 2014, ẹnu àti ọ̀fun ni ọ̀pọ̀ wọn ti fara pa. Kànrìnkàn oníwáyà tí à ń fi fọ ìdí ìkòkò náà ń já bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí irin gbóná, ẹ la àlùbọ́sà ńlá sí méjì, ẹ fi fọ́ọ̀kì yẹn gún ẹ̀yìn rẹ̀ (ó jọ pé a ti ríṣẹ́ fún un báyìí), kẹ́ ẹ fi ojú rẹ̀ ha irin lọ, ha á bọ̀. Ohun tó bá le ju ti àlùbọ́sà lọ, fọ́ìlì pépà tí a rún mọ́ra, tí a fi ẹ̀mú mú, á yanjú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, òróró díẹ̀ lórí irin kó má dípẹtà.

Ìbọ̀wọ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Èyí tí àwọn wẹ́dà ń lò, aláwọ, tó gùn dé ìdajì apá, ni kí ẹ rà. Akísà tí a rẹ sómi léwu: omi inú rẹ̀ á gbóná di ooru lójijì, á sì bó ọwọ́ kí ẹ tó jù ú sílẹ̀. Ẹ gbé korobá iyanrìn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọ̀rá bá gbiná tó kọjá agbára, ẹ má da omi sí i, ẹ pa ọmọrí dé kẹ́ ẹ ti gbogbo ihò. Ìyẹn ni mo ṣe ní kí ihò ní pélébé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í ṣe ti irinṣẹ́, síbẹ̀ ó ju gbogbo wọn lọ. Ẹyinná kì í wọlé. Bí òjò bá dé tí ẹran kò tíì jinná, ẹ jẹ́ kí ẹran wọlé, kí àgbá wà lóde. Gáàsì tí èédú ń tú jáde, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Bó bá ku eérú díẹ̀ tí ẹ rò pé ó ti kú, ẹ máa kà á sí alààyè títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, inú páànù irin ni kí ẹ sì dà á sí, kì í ṣe inú garawa oníke. Àwọn ará wa tó ń gbé inú fúláàtì ní Lọ́ńdọ̀nù kò nílò kí n sọ fún wọn pé àwọn panápaná ibẹ̀ kò fẹ́ gíríìlì rárá lórí bákónì. Ẹ gbé e lọ sọ́gbà ọ̀rẹ́.

Àwọn tó wà ní Houston, gáàsì ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, wọ́n sì máa ń fẹ́ fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé nínú kọ̀ǹténà. Ẹ̀bùn ńlá ni, àmọ́ kí ẹni tó máa gbà á mọ̀ pé ẹnu rẹgulétọ̀ tiwọn kò bá ẹnu sílíńdà tiwa mu. Oníṣẹ́ gáàsì gidi ni kó pààrọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ọmọ àdúgbò tó ní sípánà. Lẹ́yìn tó bá so ó tán, ẹ po ọṣẹ mọ́ omi, ẹ fi pa gbogbo oríkèé rọ́bà náà, kẹ́ ẹ ṣí gáàsì láìṣáná. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ló ń jò.

Àwo méjì, ọ̀kan fún tútù, ọ̀kan fún èyí tó jinná, ti wà nílé yín. Ọ̀bẹ náà wà. Nítorí náà, bó bá jẹ́ owó díẹ̀díẹ̀ lẹ fẹ́ fi kó o jọ, ẹ ra rọ́ọ̀dù tó nípọn àti ẹ̀mú lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi ṣímínì àti ìbọ̀wọ́ tẹ̀lé e, kí tẹmómítà dé nígbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yan adìyẹ tútù, kí àwọ̀n ẹja sì dúró de ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yan ẹja. Ẹ fi tapólì bo àgbá nígbà òjò, kẹ́ ẹ sì lu ihò kékeré kan sí ìdí rẹ̀ tí omi tó bá wọlé lè gbà jáde. Bí owó bá tún ṣẹ́kù, ẹ fi ra àpò èédú kejì, kẹ́ ẹ gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù nínú gáréèjì, torí èédú tó bá fa omi ilẹ̀ kì í dùn ún dá.